Igbà Bàbá Mi Kò Padà

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹ̀yin tí mo máa ń gbójú sókè kí n tó kí yín,

Ọmọ yín ti mọ̀wé. Mo mọ̀ pé ẹ ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nítorí ìwé kan ṣoṣo tí ẹ mọ̀ ni ilà tí ẹ máa ń fi ọ̀bẹ fà sídìí ọ̀pẹ, kí adẹ́mu mìíràn má baà gùn ún. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ èyí, lẹ́nu ọ̀nà ilé yín níhìn-ín ní Ọ̀fà. Oyẹ́ ń fẹ́ eruku sí mi lójú, adìẹ kan sì dúró tó ń wò mí bí ẹni pé àgbàdo ni mo ń kọ sílẹ̀. Bí a bá pẹ́ láyé, a ó jẹ ẹran tó tó erin.

Ọmọ ọmọ mi ló kọ́ mi. Ẹ rántí ọmọ tuntun tí mo pọ̀n lọ́jọ́ tí ogun tú wa ká, tí ẹ ní kí n fa aṣọ bo orí rẹ̀ dáadáa? Ó yè. Ó dàgbà, ó lọ́kọ, ó sì bí ọkùnrin kan tí gbogbo ìlú ń pè ní Tíṣà. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Mo lè pe orúkọ tí mo sọ ọ́, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fi orúkọ ṣe nígbà tí mo lè pe Tíṣà kí àwọn aládùúgbò gbọ́? Ní ìrọ̀lẹ́, ó máa ń kó àwa arúgbó jọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń kọ́ wa ní a, b, d. Àwọn yòókù ń wá nítorí ọ̀run. Èmi ń wá kí n lè jókòó wo ọmọ ọmọ mi tó ń fi ọ̀pá na pátákó.

Ẹ ó rí i pé mo fi àmì sórí àwọn ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà yìí bí ẹni ń wọ́n iyọ̀ sẹ́ran. Ó nídìí, ìdí náà ni mo sì fẹ́ rò fún yín.

Bàbá, igbà yín kò padà wálé. Ẹ mọ̀ bí ó ti rí nílé wa. Bí adẹ́mu bá kú, igbà, okùn tó fi ń yí ara rẹ̀ mọ́ ọ̀pẹ, ni a ń gbé wá sẹ́nu ọ̀nà, àkọ́bí rẹ̀ á gé e sí méjì, lẹ́yìn náà ni a tó ṣe òkú rẹ̀. Igbà tí a kò bá gé, ó dà bí ẹni pé ọkùnrin náà ṣì wà lórí ọ̀pẹ. Lọ́jọ́ ogun, ẹ gbé tiyín kọ́ èjìká, ẹ ní ẹ ó ṣáájú lọ wo ibi tí odò ti ṣeé là kọjá. A kò rí ara wa mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ rọ̀, tí Ọ̀fà padà sílé, a bá wọn padà, ẹ kò sí níbẹ̀. Ẹnì kan tó dé lẹ́yìn wa sọ pé òun rí yín ní àfonífojì ẹlẹ́mu kan ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, láàrin àwọn tó ń dá ẹmu ògùrọ̀, ṣùgbọ́n kò mọ orúkọ ibẹ̀. Ó pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn kí ìròyìn tó dé pé ẹ ti kú. Ìròyìn nìkan ló dé. Kò sẹ́ni tó gbé igbà wá.

Ìyá kò ṣe opó. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n fi ìjà kún un, ó ní a kò tíì gé igbà, ọkọ òun ṣì wà lókè. Nídìí kànga, àwọn obìnrin á máa sọ̀rọ̀ sí i láìwo ojú rẹ̀: "Àjò ò dùn kí onílé má relé o, àfi tí ẹmu ibẹ̀ bá dùn ju tilé." Èkejì á dá a lóhùn: "Àti ẹni tó ń bá a bu ẹmu ọ̀hún mu!" Ìyá á pọnmi tán, á gbé e rù, á máa bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ó fi kú. Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún: àwọn ẹ̀gbọ́n mi lọ, àbúrò mi lọ, ó wá ku èmi nìkan nínú àwọn tó mọ ohùn yín. Bí èmi náà bá lọ láìgé igbà, ta ni yóò gé e? Ohun tí mo ń gbé kiri láyà nìyẹn, Bàbá, lábẹ́ gbogbo ìgbéraga mi lórí Tíṣà.

Lọ́dún yìí, wọ́n pe àwọn tíṣà sí ìpàdé ńlá kan ní ìlú kan tí rélùwéè ń kọjá ní ìsàlẹ̀. Wọ́n fẹ́ jíròrò bí a ó ṣe máa kọ èdè wa sílẹ̀, bóyá kí a máa fi àmì sórí ọ̀rọ̀ ni, àbí kí a fi í sílẹ̀ ní ìhòòhò. Wọ́n ní kí tíṣà kọ̀ọ̀kan mú akẹ́kọ̀ọ́ kan wá tí yóò kàwé létí gbogbo ènìyàn. Tíṣà ní èmi ni òun ó mú. Ó tún fi ẹ̀rín sí i pé kí n má bẹ̀rù ebi, pé ẹmu ògùrọ̀ ni wọ́n fi mọ ìlú náà, inú àfonífojì kan ni wọ́n ti ń dá a. Mo ní ó dáa. N kò sọ ohun tó wà nínú mi fún un. Mo kàn lọ jẹ́ kí ẹbí mọ̀ pé bí n bá rí igbà, kí wọ́n múra, a ó ṣe òkú Bàbá.

Nínú rélùwéè, obìnrin aláta kan jókòó tì mí, ó ń wo síléètì tí mo gbé sí itan.

"Ìyá àgbà, kí lẹ fẹ́ fi pátákó dúdú yìí ṣe? Ṣé ẹ ó lọ ta ata lórí ẹ̀ ni?"

"Ìwé ni mo ń lọ kà."

"Ẹ̀yin! Ẹ̀yin tí eyín yín ti ń dín!"

"Ṣé eyín lò ń fi kàwé lọ́dọ̀ tìrẹ ni?"

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó bu ata fún mi nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí n fi kàwé dáadáa. Ẹ̀yin ìbá ti rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ.

Bàbá, mo múra lọ sí ìpàdé yẹn. Mo wọ aṣọ òfì Ìyá. Àwọn tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré, àwọn pásítọ̀, àwọn tíṣà tó wọ bàtà, àwọn tó ti gòkè òkun dé. Nígbà tó kàn mí, àgbà tó ń darí ìpàdé fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ̀rọ̀ kan sójú pátákó láìfi àmì kankan sí i, ó ní kí Ìyá Ọ̀fà bá àwọn kà á. Ohun tó kọ nìyí:

Igba baba wa ko pada mọ.

Mo wò ó. Mo kọ́kọ́ pe àwọn lẹ́tà rẹ̀ nínú ọkàn mi bí Tíṣà ti kọ́ mi. Mo rò pé Tíṣà ti rò fún wọn ni. Mo rò pé gbogbo wọn ti mọ̀. Mo kà á sókè, ohùn mi ò sì jọ tèmi mọ́: "Igbà bàbá wa kò padà mọ́."

Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, "Igbà kẹ̀? Ṣé ọ̀pẹ la fẹ́ gùn ni?" Ni ẹ̀rín bá gba ilé kan.

"Èmi kà á sí igbá o," ẹlòmíràn sọ, "igbá tí wọ́n fi ń bu omi."

"Àbí igba, igba owó ẹyọ! Baba wa ti ná an tán!"

Àgbà náà rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Kò ní ìkà nínú. Ó ní, "Ìyá, ìgbà ni. Ìgbà àwọn bàbá wa, ayé àtijọ́, ó ti lọ. Ẹ sì ti jà fún wa láìmọ̀: ẹ wò ó, ẹ̀yin ará, bí a kò bá fàmì sí i, ibi tí yóò máa gbé wa lọ nìyí!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Tíṣà dorí kodò. N kò mọ̀ bóyá ojú ló ń tì í tàbí àánú mi ló ń ṣe é. Mo padà lọ jókòó nínú aṣọ òfì Ìyá. Láàrin gbogbo èrò yẹn, Bàbá, kò sí ẹnì kan tí mo lè yíjú sí kí n sọ fún un pé n kò ṣì í kà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ni mo kà.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn onílé ní kí àwọn àlejò wá wo ibi tí ẹmu wọn ti ń wá. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́: àwọn tó ti ń wàásù lórí ọtí láàárọ̀ ló ṣáájú.

Àfonífojì náà jìn. Ilẹ̀ ń yọ́ wá sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di ẹrẹ̀ dúdú, ògùrọ̀ sì kún ibẹ̀, imọ̀ wọn ga tó fi bo oòrùn. Kí n tó rí nǹkan kan, òórùn ẹmu ti gbà mí mọ́ra. Òórùn aṣọ yín ni, Bàbá. Òórùn ìka yín nígbà tí ẹ bá tì í bọ ẹmu, tí ẹ fi kan ahọ́n mi kí Ìyá má rí i. Mo dúró. Tíṣà rò pé ó ti rẹ̀ mí ni, mo ní kó bá àwọn yòókù lọ sí abà, níbi tí wọ́n ti ń bu ẹmu fún wọn.

Bàbá kan wà lókè ògùrọ̀ nítòsí mi, tó ń dá ẹmu sínú akèrègbè. Mo gbójú sókè, ẹnu mi sì la fúnra rẹ̀. Mo ní, "Igbà á rọ̀ o!" N kò tíì kí ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti kí yín kẹ́yìn.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín jábọ́. "Igbà wo, Ìyá? Ẹ wo abẹ́ mi, àkàsọ̀ ni! Ògùrọ̀ ò ga tó ohun tí èèyàn ń fi igbà gùn."

Òótọ́ ni. Oparun ni wọ́n fi ṣe àkàsọ̀ rẹ̀, gbogbo ògùrọ̀ tó wà níbẹ̀ ló ní tirẹ̀ nídìí. Ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì. Mo ní, "Nígbà náà, kò sí igbà kankan níbí?"

"Ọ̀kan ṣoṣo ló wà, kò sì sẹ́ni tó ń fi gun nǹkan. Igbà Baba Ọ̀fà, lójú odò."

N kò mọ ìgbà tí mo jókòó sínú ẹrẹ̀. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀, ó gbá mi lápá mú.

"Ìyẹ̀rú Ọ̀kín ni yín?"

"Ọmọ rẹ̀ ni mí."

"Ọmọ ta?"

"Ọmọ ẹni tó ni igbà."

Ó wò mí. Ó wo ẹ̀yìn mi bí ẹni tó ń wá nǹkan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wí jẹ́ẹ́ pé, "Ọmọ tó pọn ọmọ tuntun?"

Bàbá, bí mo ṣe gbọ́ ìtàn yín nìyẹn, lẹ́nu ọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọdé nígbà náà. Ó ní ẹ so igbà yín mọ́ igi ní bèbè kan, ẹ fà á dé bèbè kejì, kí ẹni tó bá ń bẹ̀rù omi lè rí nǹkan dì mú. Ta ló ń bẹ̀rù omi bí Ìyá? Ó ní nígbà tí ogun ń lé àwọn èèyàn bọ̀, ẹ wà níbẹ̀, nígbà tí wọ́n ń padà relé, ẹ ṣì wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dé etí odò, ẹ̀yin á bi í pé, ẹ rí ọmọ mi obìnrin tó pọn ọmọ tuntun, òun àti ìyá rẹ̀? Ó ní àwọn ọmọdé máa ń sín yín jẹ. Ẹnì kan á di onígbà, àwọn yòókù á máa kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, onígbà á sì máa bi wọ́n léèrè, "Ẹ rí ọmọ mi tó pọn ọmọ tuntun?" Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín ló máa di onígbà. Ó ní àwọn ọmọ abà wọn ṣì ń ṣe eré náà. Wọn ò mọ ẹni tó ni ìbéèrè ọ̀hún.

Ọ̀nà kan ò wọjà, Bàbá. Ọ̀nà kan ò sì wọ Ọ̀fà. Ọ̀nà òkè la gbà sá lọ, òun náà la gbà padà sílé, ọ̀nà tó jìn, nítorí Ìyá ní òun ò ní gbé ẹsẹ̀ sínú omi. A dé ilé, a ń retí yín. Ẹ wà létí omi, ẹ ń retí wa.

Kí ló dé tí ẹ kò wá wo ilé lẹ́ẹ̀kan? Ṣé ẹ rò pé bí ẹ bá kúrò níbẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an la ó dé ni? Àbí ẹnì kan sọ fún yín pé a ti kú, tí ẹ kò gbà á gbọ́, bí Ìyá náà kò ṣe gba tiyín gbọ́? Mo bi ọkùnrin náà. Ó ní òun ò mọ̀, pé ikọ́ ló pa yín nígbà oyẹ́, àti pé ẹ máa ń dá jẹun. Mo ní kó fi ibojì yín hàn mí. Ó nawọ́ sí ibì kan ní bèbè, omi ti jẹ ilẹ̀ ibẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n igbà wà níbẹ̀. Ó na láti bèbè dé bèbè, ó nípọn tó ọrùn ọwọ́ mi. Mo dì í mú. Ọkùnrin náà ní kì í ṣe èyí tí ẹ so gan-an, ìyẹn ti jẹrà tipẹ́. Ìko ògùrọ̀ ni wọ́n fi ń hun tuntun bí ti àtijọ́ bá ti ń gbó, wọn kì í sì í tú ti àtijọ́ títí wọ́n á fi so tuntun. Láti ọjọ́ tí ẹ ti na ọwọ́ yín sí òdìkejì, odò náà kò tíì wà láìsí igbà.

Mo sọ ohun tí mo bá wá fún un. Kò jiyàn. Ó yọ ọ̀bẹ ẹmu rẹ̀ nínú àkọ̀, ó ní, "Baba yín ló ni ín. Ẹ gé e. A ó hun òmíràn."

Mo gba ọ̀bẹ. Mo gbé e lé igbà, níbi tó ti yí mọ́ igi. Mo rò ó pé bí mo bá gé e báyìí, tí mo gbé e relé, gbogbo rẹ̀ parí: a ó ṣe òkú yín, wọn ò ní rí nǹkan sọ nídìí kànga mọ́, èmi náà á lè kú ní ìrọ̀rùn. Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí obìnrin kan yọ láàrin odò, akèrègbè ẹmu lórí, ọmọ lẹ́yìn, ó fi ọwọ́ kan di igbà mú. Omi ti dé àyà rẹ̀.

"Ìyá!" ó pariwo. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ṣe é! Ẹ jẹ́ kí n gòkè ná! Baba Àjàní, ta lẹ gbé ọ̀bẹ fún?"

Mo dá ọ̀bẹ padà. Obìnrin náà gòkè, omi ń ro tótó lára rẹ̀, ó ń rojú sí mi. Aṣọ ti kúrò lórí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Mo fà á bò ó dáadáa.

Nígbà tí mo padà dé ibi ìpàdé, wọ́n ti nu ojú pátákó. Wọn ò sì fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ àmì. Wọ́n ní ó di ìgbà mìíràn.

Mo dé Ọ̀fà, mo bá ẹbí nílé. Wọ́n ti ránṣẹ́ pe àwọn ẹbí wa tó wà ní Ojoku, wọ́n ti kó iṣu jọ. Bàbá àgbà ẹbí wo ọwọ́ mi méjèèjì.

"Igbà dà?"

"Ó ń ṣiṣẹ́."

"Ta ló ń ṣiṣẹ́?"

"Igbà ni. N kò lè gé igbà tí èèyàn ń dì mú lọ́wọ́. A kò ní ṣe òkú kankan."

Inú bí wọn. Wọ́n ní ìwé ti dà mí lórí rú. Ẹnì kan sọ pé bí ìyá mi náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n kó iṣu wọn, wọ́n lọ. Láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ ti dín lẹ́nu ọ̀nà yìí. Tíṣà nìkan ló ń wá. N kò tíì lè rò ó fún un délẹ̀, mo kàn kọ ọ̀rọ̀ ojú pátákó yẹn sójú síléètì mi, mo fi àmì sí i bí mo ti kà á lọ́jọ́sí, mo gbé e fún un. Ó wò ó pẹ́. Kò tún un ṣe.

Ilé dákẹ́, Bàbá. Oúnjẹ tí mo ń sè kò ju ti ẹnì kan lọ. Nígbà mìíràn tí rélùwéè bá fọn fèrè, mo máa ń rò pé ẹnì kan yóò sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, kí n tó rántí pé kò sẹ́ni tí mo ń retí mọ́. Gbogbo ohun tí adẹ́mu bá rí lórí ọ̀pẹ kọ́ ló ń sọ, n kò sì lè fi ipá mú yín sọ ohun tí ẹ rí ní gbogbo ọdún tí ẹ fi dúró létí omi yẹn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ẹ ń bi gbogbo ayé, èmi ni mo ni ìdáhùn rẹ̀, mo sì ti pẹ́ jù kí n tó mú un wá: ẹni tó pọn ọmọ tuntun dé ilé. Ọmọ náà yè. Ìyá kò ti ẹsẹ̀ bọ omi.

A kì í kí òkú kú iṣẹ́. Ẹ̀yin ni mo ṣì ń kí, nítorí a kò tíì gé igbà yín, ẹ ṣì wà lókè.

Igbà á rọ̀ o, Bàbá.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tó dúró nísàlẹ̀, tó ń tẹ́tí.